Ìkúnlẹ̀ Oyèbísí ní Ilé Àwòrán Àsátà

Inú ilé adìẹ kan ní Gáríkì, ní Ẹnugu, ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Oyèbísí lọ ra ẹyin níbẹ̀. Bí ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti yọjú wo inú, ó rí ojú èèyàn lára pákó tí wọ́n fi ṣe ògiri, láàárín ìgbẹ́ adìẹ. Ojú awakùsà ni, èédú dì mọ́ ìpéǹpéjú rẹ̀, ẹ̀rín sì fẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Ó mọ ọwọ́ tó yà á. Ọwọ́ Mark ni, ẹni tó ń kọ pátákó fún àwọn oníṣọ́ọ̀bù ní Àsátà, tí òun àti Oyèbísí jọ gbé àgbàlá kan náà títí ó fi kú. Pátákó tí oníbàárà bá kọ̀ ni Mark ń yí padà, tí ó ń ya ohun tó wù ú sí ẹ̀yìn rẹ̀. Nígbà tó kú, onílé kó wọn dà síta, aládìẹ yìí sì ṣà wọ́n lọ.

"Madam, na ordinary plank o," ọkùnrin aládìẹ wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Carry am."

Oyèbísí kó wọn. Ìgbẹ́ adìẹ ṣeé fọ̀. Èyí tí kò ṣeé fọ̀ ni pé gbogbo àgbàlá rí Mark tó ń yàwòrán lójoojúmọ́, kò sì sí ẹnì kan tó bi í rí pé ta nìyí, kí ló dé tó fi ń rẹ́rìn-ín.

Oyèbísí kì í ṣe ayàwòrán. Ọmọ akọ̀wé rélùwéè ni, Ẹnugu ni wọ́n bí i sí, ọ́fíìsì ìbánigbófò ló sì ti ń jẹun. Ó tọ ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá lọ fún ibi tí òun yóò gbé àwòrán Mark kọ́ sí, àti ti ẹnikẹ́ni mìíràn tó bá ń ṣe irú rẹ̀. Wọ́n ní yàrá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbọ̀ngàn wọn ní Àsátà, àga tó kán ni wọ́n ń kó síbẹ̀. Olóyè Olúdáìsí, alága ẹgbẹ́, ní kó máa lò ó. Oyèbísí àti Mojíbọ́lá olùkọ́, àti Lékè tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, kó àga jáde, wọ́n kun ògiri ní funfun. Kò sí ẹni tó ń gbowó oṣù níbẹ̀. Ẹni tí ọjọ́ bá kàn ni yóò ṣílẹ̀kùn, tí yóò gbálẹ̀, tí yóò dá àlejò lóhùn. Òfin kan ṣoṣo ni Oyèbísí fi lélẹ̀: ẹni tó ṣe iṣẹ́ ni yóò fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e kọ́, yóò sì jókòó tì í lọ́jọ́ kan kí èèyàn lè bi í léèrè ohun tó bá fẹ́. Mark nìkan ni òfin náà yọ sílẹ̀. Ó ti pẹ́ jù fún Mark.

Àwọn èèyàn gbé iṣẹ́ wá. Evelyn, aránṣọ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní òdìkejì títì, fi àjákù aṣọ rán àwòrán àwọn obìnrin tó tò síwájú ọkọ̀ omi, tàwọn ti kéègì lọ́wọ́. Ó tóbi. Ògiri tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà nìkan ló gbà á.

Ògiri yẹn gan-an ni Olóyè fẹ́. Ọjọ́ ìbí rẹ̀ ń bọ̀, ó sì ti ní kí wọ́n ya òun. Ó pàdé Oyèbísí níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, Oyèbísí kúnlẹ̀ kí i.

"Oyèbísí, àwòrán mi ti jáde. Ẹ máa gbé e kọ́ síwájú. Ti aránṣọ yẹn, ẹ wá ibìkan fún un."

Kí Oyèbísí tó lanu, Olóyè ti fọwọ́ kàn án léjìká, ó ti wọ mọ́tò. Obìnrin ti kúnlẹ̀. Lójú Olóyè, ọ̀rọ̀ ti parí. Irú àṣìṣe yìí la fi ń ṣèlú láàárín wa, a sì ń pè é ní ìwà ọmọlúàbí.

Lọ́jọ́ kẹta, Evelyn ló wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí wọ́n já àwòrán náà kalẹ̀. "Madam, come o! Dem don bring Chief. E big pass door!"

Lékè fọwọ́ wọn férémù rẹ̀. "Mọ̀mí, ẹ jẹ́ ká gbé e kọ́, ká yọ ọ́ tí ọjọ́ ìbí bá ti lọ. Ògiri kì í bú èèyàn."

"Ta ló yà á?" Oyèbísí bèèrè.

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀? Olóyè ló ni ín," Lékè dáhùn.

"Tí a ò bá gbé e kọ́, wọ́n á gba yàrá wọn," Mojíbọ́lá wí. "Ẹ̀yin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ibo la fẹ́ kó gbogbo èyí lọ? Ilé adìẹ?"

Ní ìrọ̀lẹ́, Oyèbísí lọ sílé Olóyè, ó kúnlẹ̀, kò sì dìde.

"Ẹ kúùrọ̀lẹ́ sà."

"Dìde, dìde. Ṣé ẹ ti gbé e kọ́?"

"Rárá sà. Ta ló yà á?"

"Ayàwòrán kan ni, ní Ugwuaji. Wọ́n bá mi wá a ni."

"Kí lorúkọ rẹ̀ sà?"

Olóyè wo ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ wo tẹlifíṣọ̀n.

"Kí lo fẹ́ fi orúkọ rẹ̀ ṣe? Ṣé ojú rẹ̀ ló wà níbẹ̀ ni?"

"Ẹni tó ṣe é ló máa gbé e kọ́, òun ló máa jókòó tì í. Tó bá wá, àyè wà fún un lára ògiri tó bá ṣófo, bó ṣe wà fún gbogbo èèyàn. Iṣẹ́ Evelyn ò ní kúrò níbi tó wà sà."

"Orí ìkúnlẹ̀ lo ti ń sọ èyí fún mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni sà. Àgbà ni yín."

"Ṣebí o ti gbà níwájú ṣọ́ọ̀ṣì!"

"Mo kí yín ni sà. N ò gbà."

Olóyè nawọ́ sí ẹnu ọ̀nà. "Kó ẹrù rẹ kúrò nínú yàrá ẹgbẹ́ kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Ká wo ògiri tí òfin rẹ máa fara tì."

Oyèbísí dúpẹ́ fún ìgbà tó ti fi lo yàrá náà. Lẹ́yìn náà ló tó dìde, eékún ń ro ó.

Wọ́n kó o. Evelyn fúnra rẹ̀ ló ká iṣẹ́ tirẹ̀, tó rù ú sórí. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn tó wà láàárín àwọn yàrá àgbàlá Oyèbísí ni wọ́n gbé gbogbo rẹ̀ kọ́ sí, níbi tí èéfín sítóòfù ti ń kọjá. Lékè ló kan ìṣó. Kò mẹ́nu ba ohun tó ti sọ, kò sì sẹ́ni tó gbàgbé rẹ̀. Olóyè gbé àwòrán ara rẹ̀ kọ́ sí ògiri iwájú ní yàrá ẹgbẹ́. Ọjọ́ ìbí lọ, ilẹ̀kùn sì wà ní títì, torí àwọn tó ń ṣí i ti lọ. Ó ní yàrá, ó ní kọ́kọ́rọ́, ó ní ojú ara rẹ̀ lára ògiri. Kò ní ẹni tí yóò jókòó tì í.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ àgbàlá náà, Sàbúrátù tó ń gbé yàrá kejì sí ti Oyèbísí ń ti ẹ̀yìn pọnmi bọ̀. Ó dúró níwájú iṣẹ́ Evelyn, kéègì lọ́wọ́ méjèèjì.

"Ẹ wo èyí tó wọ búlúù. Kò tò! Ó já síwájú wọn ni."

"Ìwọ ni," Evelyn dáhùn láti orí àpótí tó jókòó lé. Yorùbá tó gbọ́ lẹ́nu àwọn oníbàárà rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

"Èmi kẹ̀? Ìgbà wo?"

Sàbúrátù gbé kéègì kalẹ̀, ó sún mọ́ ọn, ó ń wá ojú ara rẹ̀ láàárín àjákù aṣọ. Oyèbísí fa àpótí kan fún un kó jókòó.