Omi Kọfí Bàbá Mi

Bàbá mi kò mu tíì rí lójú mi. Kọfí ni wọ́n ń mu, kì í sì í ṣe èyí tí wọ́n ń dì sínú ọ̀rá kékeré tí a kàn ń pò mọ́ omi. Ọdún púpọ̀ ni wọ́n fi se oúnjẹ nínú ọkọ̀ tó ń kó ẹrù lọ fún àwọn tó ń wa epo lójú agbami, ibẹ̀ ni òyìnbó kan ti kọ́ wọn bí a ṣe ń sẹ́ kọfí. Nígbà tí iṣẹ́ parí, wọ́n mú asẹ́ kan bọ̀ wálé: ó funfun, ẹnu rẹ̀ gbòòrò, ìdí rẹ̀ lu, ó dà bí àrọ tí àwọn ọlọ́kọ̀ fi ń da bẹntiróòlù sínú ẹ́ńjìnnì. A ó gbé e lé orí kọ́ọ̀pù, a ó tẹ́ bébà sínú rẹ̀, a ó da kọfí lílọ̀ sí i, a ó wá máa da omi gbígbóná lé e lórí díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi ro tán.

Gbogbo ìyẹn kò le. Omi ló le. Bí o bá dà á nígbà tó ṣì ń hó, kọfí á korò bí ewúro. Bí o bá jẹ́ kó tutù jù, á kan, á sì ṣàn bí omi ìfọwọ́. Nínú ọkọ̀, Bàbá ní irin kan tí wọ́n ń tì bọ omi, abẹ́rẹ́ ara rẹ̀ á tọ́ka ibi tí gbígbóná rẹ̀ dé. A kò ní irú rẹ̀ nílé. Orin ni a ní.

Ní ìlú wa, orin ìjọ ni aago àwọn obìnrin. Ìyá mi, kí wọ́n tó kú, mọ iye ẹsẹ orin tí wọ́n máa kọ kí wọ́n tó yí ẹja padà lórí iná. Bàbá wá fi ti kọfí kún un: bí omi bá ti hó, gbé kẹ́tùlù kúrò lórí iná, kọ ẹsẹ kan nínú orin àárọ̀, má sáré, má sì fà á, bí o bá parí, dà á. Nígbà tí ojú wọn fọ́, tí orúnkún wọn kò sì gbé wọn mọ́, èmi ni mo gba kẹ́tùlù lọ́wọ́ wọn.

Ojú máa ń tì mí. Ìwé mi kò pọ̀. Omi ti gba ilé-ìwé wa kí n tó jáde alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, n kò sì lọ sí òmíràn. Ní ìjọ, ètè nìkan ni mo ń mì bí wọ́n bá ń kọrin. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ilé, nídìí sítóòfù, mo máa ń kọ ẹsẹ kan yẹn síta kí Bàbá lè gbọ́ ọ láti orí bẹ́ẹ̀dì wọn. Ògiri pákó ló là wá láàárín. Bí ohùn mi bá yẹ̀, wọ́n á ní, "Ìyá, rọra o, ẹja ń sá lọ." Ìyá ni wọ́n ń pè mí, torí wọ́n ní mo jọ ìyá tó bí wọn.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń gbé ní Igbókòdá. Gbogbo ìgbà tó bá wọkọ̀ wá kí wa, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń sọ: kí Bàbá bá òun lọ sílé oníbíríkì, kí wọ́n fi etí òkun sílẹ̀.

"Ojú mi ti lọ," ni Bàbá dá a lóhùn nígbà kan. "Orúnkún mi ti lọ. Ẹnu ló kù. Ọjọ́ tí mo bá mu kọfí mi tí n kò mọ adùn rẹ̀ mọ́, kí o wá gbé mi bí ẹrù. Kó tó dìgbà náà, ilé mi ni mo wà."

Ẹ̀gbọ́n mi wò mí bí ẹni pé èmi ni mo kọ́ wọn lọ́rọ̀ náà. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń gbé kẹ́tùlù bí ẹni tó gbé ọmọ tuntun. Bí kọfí bá bàjẹ́, Bàbá á lọ. Wọn kò fẹ́ lọ, èmi náà kò sì fẹ́ kí wọ́n lọ, torí àwọn nìkan ni mo ń bá sọ̀rọ̀ tí ọ̀rọ̀ mi ń gùn.

Láàárín ilé wa àti òkun, ilé ọ̀rẹ́ Bàbá ló wà níbẹ̀. Afárá pákó kan so ilé méjèèjì pọ̀. Orí rẹ̀ ni ọ̀rẹ́ wọn máa ń gbà wá jókòó tì wọ́n nírọ̀lẹ́, tí wọ́n á máa bú ara wọn. "Amu-omi-èédú" ni ọ̀rẹ́ wọn ń pè wọ́n. Bàbá á ní, "Ìwọ tó jẹ́ pé ògógóró lo fi ń fọ ẹnu."

Nígbà òjò tó kọjá, òkun mú ilé náà. Ó kọ́kọ́ mú ilé ìdáná, ó mú àwọn òpó iwájú, lẹ́yìn náà ni a jí bá omi níbi tí ilé wà. Àwọn ọmọ ọ̀rẹ́ Bàbá ti wá gbé bàbá wọn lọ sókè, níbi tí òkun kò dé, kó tó ṣẹlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí ẹnikẹ́ni má sọ fún Bàbá, pé ọkàn wọn kò ní gbà á. Gbogbo àdúgbò gbà. A ní ọ̀rẹ́ wọn lọ kí àwọn ọmọ, pé wọ́n á padà. Bí Bàbá bá gbọ́ ariwo omi nítòsí, wọ́n á ní òjò ọdún yìí le.

Kò pẹ́ sí i ni kọfí bẹ̀rẹ̀ sí í kan.

"Ìyá, kí lo fún sí i lónìí? Ọsàn wẹ́wẹ́?"

"N kò fún nǹkan kan sí i, Bàbá."

"Á jẹ́ pé ọsàn ló wẹ̀ nínú omi náà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n mu ún tán. Lọ́jọ́ kejì wọn kò rẹ́rìn-ín. Mo pààrọ̀ omi òjò tí mo ń lò, mo fi yanrìn fọ kẹ́tùlù, mo ṣí ọ̀rá kọfí tuntun. Ó ṣì kan. Èmi náà tọ́ ọ wò, mo sì sọ fún wọn pé lóòótọ́ ló kan.

"Má purọ́ nítorí mi," ni wọ́n wí. "Orin kan náà lò ń kọ, mò ń gbọ́ ọ. Ẹnu mi ló ti lọ."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dá kọ́ọ̀pù padà ní ìdajì. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan wọ́n ní kí n pe ẹ̀gbọ́n mi, kó máa wá ọkọ̀ sílẹ̀. Mo ní kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Kò sí lóòótọ́, inú mi sì dùn pé kò sí.

Ní àárọ̀ tó tẹ̀ lé e, mo gbé kẹ́tùlù kúrò lórí iná, mo bẹ̀rẹ̀ orin. Mo rí i pé ooru tó ń jáde lẹ́nu kẹ́tùlù kò gòkè. Ó dùbúlẹ̀, ó ń sá wọ inú ilé. Etí aṣọ mi ń lù mí lójú. Nígbà tí mo kọ ẹsẹ náà tán, mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ara kẹ́tùlù, ọwọ́ mi sì dúró níbẹ̀. Tẹ́lẹ̀, n kò lè fi ọwọ́ kàn án bẹ́ẹ̀. Mo gbójú sókè. Kò sí nǹkan kan láàárín èmi àti òkun. Ojoojúmọ́ ni mò ń rí i pé ilé náà ti lọ, ṣùgbọ́n n kò rò pé ó ní nǹkan ṣe pẹ̀lú kọfí. Ìgbà tí ilé kan ṣì ń dí afẹ́fẹ́ fún wa ni Bàbá fi orin wọn omi.

Mo tún gbé omi ka iná. N kò lè gbé sítóòfù wọlé, torí èéfín kẹrosíìnì ń mú Bàbá wúkọ́. Mo fi omi gbígbóná ṣan kọ́ọ̀pù kó lè lọ́ wọ́ọ́rọ́. Nígbà tí kẹ́tùlù hó, mo fi ẹ̀yìn mi dí afẹ́fẹ́, mo kọ orin dé ìdajì, mo dákẹ́, mo dà á.

Bàbá gbà á lọ́wọ́ mi. Wọ́n fà á sẹ́nu, wọ́n sì dá a dúró síbẹ̀ díẹ̀ kí wọ́n tó gbé e mì.

"Ó dé," ni wọ́n wí. Wọ́n tún fà á. "Kọfí mi nìyí. Ìyá, kọfí mi nìyí."

Ó ti pẹ́ tí mo ti rí eyín wọn. Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, inú mi ń dùn.

"O dákẹ́ láàárín orin," ni wọ́n sọ.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ikọ́ ni?"

"Omi ló ń tètè tutù."

"Kẹ́tùlù yẹn dàgbà jù ọ́ lọ. Omi rẹ̀ kò tutù rí kí orin tó tán."

"Afẹ́fẹ́ ni, Bàbá."

"Afẹ́fẹ́ ibo? Ilé ọ̀rẹ́ mi dí i."

Ẹ̀gbọ́n mi ì bá rí nǹkan sọ. Ọ̀rọ̀ kì í tètè wá sí mi lẹ́nu. Bàbá dúró dè mí títí. Wọ́n wá gbé kọ́ọ̀pù sílẹ̀ jẹ́jẹ́ kó má dànù.

"Mú mi lọ sẹ́yìn."

Mo gbé apá wọn kọ́ ọrùn mi, wọ́n fara tì mí. Bí a ṣe yọ sẹ́yìn ilé, afẹ́fẹ́ gbá wọn lójú, wọ́n dúró. Wọ́n na ẹsẹ̀ síwájú, wọ́n ń fi wá ibi tí afárá ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ̀ wọn ń fì lófuurufú. Mo gbá wọn mú níbàdí. Wọ́n tún wá a díẹ̀ sọ́wọ́ òsì, lẹ́yìn náà ni wọ́n fa ẹsẹ̀ padà.

"Ìgbà wo?"

"Nínú òjò."

"Òun ńkọ́?"

"Àwọn ọmọ wọn ti mú wọn lọ sókè kó tó ṣẹlẹ̀. Ara wọn le."

"Kò wá dágbére."

"Wọ́n wá, Bàbá. Ẹ̀ ń sùn. Wọ́n jókòó tì yín títí ọkọ̀ wọn fi dé."

"Ó jókòó tì mí," ni Bàbá tún sọ.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi mí léèrè ibi tí mo máa ń gbé sítóòfù sí. Mo ní ibí yìí ni, ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Wọ́n fi gìgísẹ̀ gbá pákó tí a dúró lé. Ó mì.

"Pe ẹ̀gbọ́n rẹ."

"Ẹnu yín kò tíì lọ, Bàbá. Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ ni."

"Ẹnu mi kò lọ. Ṣé kí n wá máa mu kọfí nínú yàrá, kí ìwọ máa jókòó lẹ́nu òkun?"

Mo lọ sí èbúté níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń wọlé, mo sì pe ẹ̀gbọ́n mi.

Igbókòdá ni a wà báyìí. Ògiri bíríkì yí wa ká, afẹ́fẹ́ kì í dé ibi tí mo ti ń dáná, omi sì ń gbà kí n kọ ẹsẹ orin náà tán. Mo máa ń tọ́ kọfí wò kí n tó gbé e fún Bàbá. Ó máa ń dára. Tẹ́lẹ̀, wọ́n á sọ bóyá ó korò tàbí ó kan, wọ́n á fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Ní báyìí wọ́n á mu ún tán, wọ́n á na kọ́ọ̀pù sí mi, wọ́n á ní, "O ṣé, Ìyá." N kì í bi wọ́n bóyá ó dùn, kí n má bàa gbọ́ pé ẹnu ti tẹ̀ lé ojú àti orúnkún lọ.