Lẹ́tà Kan Nínú Orúkọ Àmọ̀kẹ́

Ọdún mẹ́rìndínlógún ni Àmọ̀kẹ́ fi ń se oúnjẹ ọ̀sán fún àwọn ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá ìṣeré Parsloes ní London. Ó mọ ọmọ tí kì í jẹ ẹ̀wà inú agolo. Ó mọ ọmọ tí yóò jẹ ẹja, ṣùgbọ́n tí kò ní fọwọ́ kàn án mọ́ bí ọ̀dùnkún gígún bá ti kan ẹja náà lára. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni, ọmọ ìjọ Aládùúrà sì ni, kì í sì í sọ̀rọ̀ jù.

Ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ni nígbà tó tún lọ́kọ. Adédèjì lorúkọ ọkọ náà. Ìyàwó rẹ̀ àkọ́kọ́ ti kú, ó ti wa bọ́ọ̀sì ní ìlú Baltimore fún ọgbọ̀n ọdún, ó sì ti di ọmọ Amẹ́ríkà tipẹ́tipẹ́. Ìkórè ìjọ ló bá wá sí Barking. Wọ́n jókòó ti ara wọn nídìí tábìlì, Adédèjì sì bi í pé ṣé òun ló se ìrẹsì náà. Àmọ̀kẹ́ ní rárá. Adédèjì ní ó dára bẹ́ẹ̀, torí iyọ̀ rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wọn ti bẹ̀rẹ̀.

Ọdún méjì gbáko ni wọ́n fi sọ̀rọ̀ lórí fóònù ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn tí Àmọ̀kẹ́ bá ti fọ ìkòkò tán. Nígbà tí iléèwé gba ìsinmi ẹ̀ẹ̀rùn, ó wọkọ̀ òfuurufú lọ sí Baltimore, wọ́n sì ṣègbéyàwó ní kóòtù. Obìnrin tó ń kọ orúkọ bi í pé ṣé ó ti lọ́kọ rí. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Obìnrin náà ní ọdún wo ni ìgbéyàwó náà parí. Àmọ̀kẹ́ ní 2006. Obìnrin náà kọ 2006 sílẹ̀, ó ní kí wọ́n kọjá sí iwájú. Kò béèrè ìwé kankan. Àmọ̀kẹ́ rò pé bí Amẹ́ríkà ṣe ń ṣe nǹkan wọn nìyẹn.

Ó padà sí Parsloes kó lè gba gíríìnkáàdì lọ́nà ẹ̀tọ́, bí ìyàwó ọmọ Amẹ́ríkà. Ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, Ayọ̀mípọ̀sí, tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ilé-ìwòsàn kan, ló gba ètò ìwé náà mọ́ra. Ní gbogbo Sátidé, yóò gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ sórí tábìlì oúnjẹ ìyá rẹ̀, yóò sì máa ka ohun tí wọ́n tún béèrè. Wọ́n fẹ́ ìwé ọjọ́ ìbí. Wọ́n fẹ́ ìwé ọlọ́pàá ìlú òyìnbó àti ti Nàìjíríà. Wọ́n fẹ́ kí dókítà wo ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Wọ́n tún fẹ́ ẹ̀rí pé ìgbéyàwó náà kì í ṣe ayédèrú.

"Mummy, a nílò pictures," Ayọ̀mípọ̀sí sọ. "Èyí tí ẹ̀yin àti Uncle Dèjì jọ wà níbẹ̀."

Àmọ̀kẹ́ kó fọ́tò mọ́kànlélógún wá. Ilé ìjọsìn ni wọ́n ti ya gbogbo wọn, àfi méjì. Gbogbo ènìyàn inú fọ́tò náà ló wọ sùtánà funfun, gbogbo wọn ló wà láìwọ bàtà. Ayọ̀mípọ̀sí wò ó títí.

"Ta ni ọkọ níbí?"

Àmọ̀kẹ́ fi ìka hàn án.

"Èyí ńkọ́?"

"Wòlíì nìyẹn."

Ayọ̀mípọ̀sí mú bírò pupa, ó fa ọfà sókè orí ènìyàn méjì nínú fọ́tò kọ̀ọ̀kan, ó kọ "ìyàwó" àti "ọkọ" sí i lédè òyìnbó. Ìyẹn gbà wọ́n ní Sátidé kan.

Ìwé ìkọ̀sílẹ̀ ló wá kù. Ẹni tó bá ti lọ́kọ rí gbọ́dọ̀ fi ìwé hàn pé ìgbéyàwó ti tẹ́lẹ̀ parí lábẹ́ òfin. Àmọ̀kẹ́ ní ìwé náà. Inú àpótí ìsàlẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù ló wà. Ṣùgbọ́n ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, páìpù omi ilé òkè bẹ́, omi ro sínú kọ́bọ́ọ̀dù náà fún odindi ọjọ́ kan. Nígbà tó ṣí àpótí, ìwé ìkọ̀sílẹ̀ ti di bí ẹ̀kọ tó wà nínú ewé. Ó gbé e sórí ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná pé kó gbẹ. Nígbà tó gbẹ, kò ṣeé ṣí mọ́.

Wọ́n kọ̀wé sí kóòtù fún ẹ̀dà mìíràn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá, èsì dé: wọ́n wá ìwé ọdún mẹ́wàá fínnífínní, wọn kò rí obìnrin kankan tó ń jẹ́ orúkọ yẹn tí ọkọ rẹ̀ kọ̀ sílẹ̀.

"Tí wọn ò bá rí i, ó túmọ̀ sí pé mo ṣì jẹ́ ìyàwó bàbá rẹ," Àmọ̀kẹ́ wí.

Ayọ̀mípọ̀sí pa kọ̀ǹpútà dé. "Mummy, ẹ lọ bá Daddy."

Irewọlé ni bàbá Ayọ̀mípọ̀sí. Kò jìnnà, Dagenham East ló ń gbé, ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́rin sí ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Creekmouth. Láti ọdún tí Ayọ̀mípọ̀sí gboyè jáde ní yunifásítì, òun àti Àmọ̀kẹ́ kò tíì rí ara wọn, kò sì sẹ́ni tó bínú nítorí rẹ̀.

Àmọ̀kẹ́ lọ ní ọjọ́ Túsìdeè, lẹ́yìn iṣẹ́. Irewọlé ṣílẹ̀kùn pẹ̀lú jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ iyeyè tí wọ́n ń wọ̀ níbi iṣẹ́ rẹ̀.

"Ìyá Ayọ̀. Ṣé kò sí nǹkan?"

"Kò sí, Bàbá Ayọ̀. Ìwé ni mo wá gbà lọ́wọ́ yín."

Láti ọdún méjìdínlógún tí wọ́n ti kọ ara wọn sílẹ̀, kò tíì rí ọ̀nà tí yóò fi máa pè é ní "ìwọ". Irewọlé po tíì fún un, ó fi ṣúgà ṣíbí mẹ́ta sí i. Ó ti tó ọdún mẹ́wàá tí Àmọ̀kẹ́ ti jáwọ́ nínú ṣúgà. Ó mu ún.

Nígbà tó sọ ohun tó bá wá, Irewọlé wọ yàrá, kò lo ìṣẹ́jú méjì tó fi gbé fáìlì kan jáde. Kì í ju ìwé nù. Ó kọ ìyàwó sílẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìwé iná mànàmáná ọdún 1998 ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Àmọ̀kẹ́ gba ìwé ìkọ̀sílẹ̀ náà. Òǹtẹ̀ kóòtù wà níbẹ̀, ọjọ́ wà níbẹ̀. Ó ka orúkọ. Ó tún un kà.

"Bàbá Ayọ̀, ta ni Amoko?"

Irewọlé wọ awò ojú rẹ̀. "Ìwọ ni."

"Èmi kọ́."

"'E' ni mo kọ síbẹ̀."

Ó wá fọ́ọ̀mù tí òun fúnra rẹ̀ fi ọwọ́ kọ nígbà náà jáde láti fi gbe ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Wọ́n jọ wò ó. Gbogbo "e" tó kọ ló di ojú, wọ́n rí roboto bí ẹyin. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ní kóòtù ti ṣe bí ojú rẹ̀ ṣe rí i. Fún ọdún méjìdínlógún, Amoko ni Irewọlé kọ̀ sílẹ̀, Àmọ̀kẹ́ kò sì sí nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ibi tí wọ́n ti ń wo "e" yìí ni ojú Àmọ̀kẹ́ ti dé ìsàlẹ̀ fọ́ọ̀mù náà, níbi tí wọ́n ti ní kí ọkọ kọ ìdí tí kò fi lè bá ìyàwó rẹ̀ gbé mọ́. Lọ́dún náà lọ́hùn-ún, ó ti fọwọ́ sí gbogbo ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ láìkà á. Báyìí, ó kà á. Irewọlé kọ ọ́ pé ìyàwó òun máa ń gbàdúrà sókè ní aago márùn-ún ìdájí lójoojúmọ́, pẹ̀lú agogo lọ́wọ́, òun kò sì rí oorun sùn.

"Ṣé torí àdúrà lẹ ṣe lọ?"

"Lọ́yà ló ní kí n wá nǹkan kọ. Ó ní wọn kì í fọwọ́ sí i lásán."

"Kí ló wá fà á?"

Irewọlé wo ife tíì tó wà níwájú rẹ̀. "Mi ò mọ bí èèyàn ṣe ń bá ẹni tí kì í bínú gbé," ó ní. "Tí mo bá pariwo, wàá kúnlẹ̀. Tí mo bá tún pariwo, wàá tún kúnlẹ̀. Ó wá dà bíi pé èmi nìkan ni mo wà nínú ilé."

Láti ọdún méjìdínlógún, Àmọ̀kẹ́ ti gbà pé obìnrin kan wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Ó ti gbààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mọ́kànlélógún lẹ́ẹ̀mejì lórí obìnrin náà. Ó ti dárí jì í ní gbangba lọ́jọ́ Sọ́ńdè kan, ìjọ sì kọrin sí i. Kò sí obìnrin kankan. Ó rò ó títí, ó sì rí i pé inú òun kò dùn, kò sì bàjẹ́. Ó kàn rẹ òun ni, bí ẹni tó ti ru ẹrù dé ilé tí wọn kò rán an sí.

Ó pe Ayọ̀mípọ̀sí lórí fóònù, ó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ Amoko. Ayọ̀mípọ̀sí ní tí àwọn bá ní kí kóòtù ṣàtúnṣe, ọdún kan lè kọjá. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ṣojú rẹ̀ bá búra níwájú lọ́yà pé ẹnìkan náà ni Amoko àti Àmọ̀kẹ́, wọ́n lè so ó mọ́ ìwé náà.

"Ta ni ọ̀rọ̀ ṣojú rẹ̀?" Àmọ̀kẹ́ béèrè.

"Mummy, give Daddy the phone."

Irewọlé gbọ́ ohun tí ọmọ rẹ̀ wí, ó dá fóònù padà. "Irú ọkùnrin wo ni?" ó béèrè.

"Ó ti wa bọ́ọ̀sì rí. Kì í pariwo."

"Ó dáa. Ọjọ́ wo?"

Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e ni wọ́n pàdé ní ọ́fíìsì lọ́yà kan ní Barking, lókè ṣọ́ọ̀bù tó ń ta aṣọ ọmọdé. Ọlọ́ládé ni lọ́yà náà ń jẹ́, ọmọ tí wọ́n bí sí London, tó ń kí àgbà pẹ̀lú ìkúnlẹ̀ ṣùgbọ́n tí òyìnbó kún ẹnu rẹ̀. Ó ti fi àyè sáàárín àga méjèèjì, bóyá torí irú ẹjọ́ tó ti rí tẹ́lẹ̀. Ó ka ìwé ìbúra náà sí wọn létí: pé Irewọlé fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ náà, pé ìkọ̀wé òun kò hàn, pé obìnrin tí òun kọ̀ sílẹ̀ lọ́dún 2006 ni obìnrin tó jókòó síbí yìí.

"Ṣé ohunkóhun kù tí ẹ fẹ́ fi kún un, sà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni," Irewọlé dáhùn. "Kọ ọ́ pé àdúrà yẹn kò dí oorun mi lọ́wọ́."

Ọlọ́ládé gbé bírò sílẹ̀. "Òfin ò béèrè ìyẹn, sà."

"Mo mọ̀."

Lọ́yà wo Àmọ̀kẹ́. Àmọ̀kẹ́ ní, "Ẹ kọ ọ́ bó ṣe wí."

Ọlọ́ládé kọ ọ́ ní ìpínrọ̀ keje: ẹni tó búra sọ pé àdúrà ìyàwó òun àtijọ́ kò dí oorun òun lọ́wọ́ nígbà kankan. Irewọlé gbé ọwọ́ lé Bíbélì, ó búra, ó fọwọ́ sí i. Ó rọra kọ orúkọ rẹ̀, gbogbo "e" inú rẹ̀ ló sì la ojú kedere.

Wọ́n jọ rìn dé ibùdó ọkọ̀. "Kí Amẹ́ríkà tù ọ́ lára," ó wí. Àmọ̀kẹ́ ní àmín. Irewọlé wọ ọkọ̀ ojú irin lọ, òun náà dúró de bọ́ọ̀sì.

Oṣù kejì ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n pè é sí ẹ́ḿbásì Amẹ́ríkà. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan ló jókòó lẹ́yìn gíláàsì. Ó bi í bí òun àti ọkọ rẹ̀ ṣe pàdé. Àmọ̀kẹ́ ṣàlàyé ìrẹsì oníyọ̀. Ọ̀dọ́mọbìnrin náà wo fọ́tò tó ní ọfà pupa, ó ṣí wọn kọjá kíákíá. Nígbà tó dé ìwé ìbúra, ó kà á dé ìparí, ó sún mọ́ ọn, ó tún ìpínrọ̀ kan kà.

"Kí ni ìpínrọ̀ keje ń ṣe níbí?"

"Ẹni tó búra ló ní kí wọ́n fi síbẹ̀."

"Ṣé ẹ ṣì ń gbàdúrà sókè?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ọkọ yín yìí mọ̀?"

"Aládùúrà lòun náà. Ohùn tirẹ̀ ga ju tèmi lọ."

Ọ̀dọ́mọbìnrin náà kọ nǹkan sílẹ̀. Ó ní wọ́n ti fọwọ́ sí i, pé páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ yóò padà wá láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àmọ̀kẹ́ dúpẹ́, ó dúró síbẹ̀ díẹ̀, torí ó rò pé wọn yóò tún béèrè nǹkan mìíràn. Ọ̀dọ́mọbìnrin náà ní ó ti tán.

Nígbà tí iléèwé parí ọdún, ó kó ẹrù lọ sí Baltimore. Gíríìnkáàdì dé sílé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, nínú àpòòwé lásán, pẹ̀lú ìpolówó pizza lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Adédèjì fi aṣọ nu tábìlì kó tó gbé e kalẹ̀.

Ní Parsloes, Ayọ̀mípọ̀sí kò mọ ohun tó lè máa fi Sátidé ṣe mọ́. Ó ti mọ́ ọn lára láti máa lọ jókòó níwájú òbí pẹ̀lú kọ̀ǹpútà. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí Dagenham East lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó sọ fún ìyá rẹ̀ lórí fóònù pé òun àti bàbá òun kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń wò. Bàbá òun máa ń pariwo sí tẹlifíṣọ̀n, òun náà sì máa ń pariwo padà.