Ìbò Mẹ́sàn-án Tó Pa Ẹ̀ka Sáyẹ́ǹsì Wa Rẹ́

Mẹ́sàn-án sí ọ̀kan. Iye ìbò tí ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ gíga àwọn Àgùdà wa, láàárín Ṣómólú àti Bàríga, fi pa ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì rẹ́ nìyẹn, ní àárín àwọn ọdún 1950, nígbà tí a ti ń múra sílẹ̀ fún ìdánwò tí ì bá sọ wá di ọmọ yunifásítì. Wọn kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ọ. Ohun tí wọ́n kéde ni pé ohùn gbogbo ìgbìmọ̀ ṣọ̀kan, pé ara olórí wa kò yá, pé Fadá mìíràn ń bọ̀ wá gba ipò rẹ̀.

Irọ́ ni. Ara Fadá, olórí wa náà, le koko. Òun gan-an ló di ìbò kan ṣoṣo tó takò wọ́n, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi yọ ọ́; òun ló sì sọ ọ́ fún èmi àti Akínbọ̀dé nígbà tí à ń bá a di ẹrù. Àwọn ọmọ Yorùbá inú ìgbìmọ̀, tí ọmọ tiwọn ń kọ́ ìṣègùn nílùú òyìnbó, ló kọ́kọ́ nawọ́ sókè láti ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ ẹlòmíràn.

Ọmọ Ìlàjẹ ni Akínbọ̀dé. Bàbá rẹ̀ ń pẹja lórí ọ̀sà ní Bàríga, ìyá rẹ̀ ń yan án tà. Dókítà ló fẹ́ dà, kò sí ohun mìíràn.

Àṣà kan wà ní yàrá oúnjẹ wa: bí a bá ti ń jẹun, akẹ́kọ̀ọ́ kan yóò dúró níwájú, yóò máa ka ìtàn àwọn ẹni mímọ́. Ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe Fadá, kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ títí òǹkàwé yóò fi pa ìwé dé. Lọ́jọ́ tí ìgbìmọ̀ mú olórí tuntun wá bá wa jẹun, Akínbọ̀dé ló kàn. Ó kà á dé ìdajì, lẹ́yìn náà, lóhùn kan náà, ó ní:

"Ìbò náà jẹ́ mẹ́sàn-án sí ọ̀kan. Ẹ̀yin tí ẹ dì í wà níbí."

Ó dákẹ́, ṣùgbọ́n kò pa ìwé náà dé. Ojú olórí tuntun pọ́n. Àṣà ti dè é lẹ́nu. Gbogbo wa jókòó, ọbẹ̀ ń tutù.

Lọ́yà kan láti Ọbáníkòró, ọmọ ìgbìmọ̀, ló rú òfin náà. Ó ní bí a bá fẹ́ràn ìṣègùn tó bẹ́ẹ̀, ilé ìwòsàn Ìgbóbì kò jìnnà. "Ẹ lọ máa ti kẹ̀kẹ́ aláìsàn." Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín.

"Bàbá," ni Akínbọ̀dé wí, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, "ọmọ yín wo ló ń tì í níbẹ̀?"

Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti lé e. A gbé àpótí rẹ̀ dé etí ọ̀sà, a sì kọ̀ láti wọ kíláàsì, títí wọ́n fi ti ilé-ẹ̀kọ́ pa. Nígbà tí a padà, iṣẹ́ káfíńtà ni wọ́n ń kọ́ni ní yàrá sáyẹ́ǹsì.

Kí la jèrè? Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tó tún gbà wọ́n gbọ́ mọ́ bí wọ́n bá ní ohùn ìgbìmọ̀ ṣọ̀kan. Wọ́n sì fòpin sí ìwé kíkà nídìí oúnjẹ, nítorí ẹ̀rù bà wọ́n. Kí la pàdánù? Akínbọ̀dé ń pẹja títí dòní. Iṣẹ́ gidi ni, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló yàn án; ẹ̀yin ìgbìmọ̀ lẹ yàn án fún un.

Mo gbọ́ pé ẹ tún fẹ́ fi olórí mìíràn jẹ, ní ìkọ̀kọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì wà láàyè nínú àwọn mẹ́sàn-án, ẹ kọ́kọ́ wá sí yàrá oúnjẹ. Ẹ dúró níbi tí Akínbọ̀dé dúró. Kí olúkúlùkù dárúkọ ara rẹ̀, kí ó sì sọ ìdí tó fi nawọ́ sókè. A ó dákẹ́ títí ẹ ó fi parí.