Oògùn Òwúrọ̀ Nílé Ìyá Ọkọ Mi

Nígbà tí wọ́n yọ gẹ̀gẹ̀ ọrùn mi ní Kútọnu, ìyá ọkọ mi ló ní ọ̀dọ̀ òun ni kí n ti wá sinmi. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Paraku, àwọn ọmọ wa sì wà lọ́dọ̀ àbúrò mi ní Kétu, níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Èrò mi ni pé n óò lo ìsinmi náà nílé ara mi, kí n máa rọra rìn láti yàrá dé ìdí ààrò. Ìyá ò gbà. Ó gun ọ̀kadà zẹmijan láti Idigny wá bá mi, ó jókòó, kò tíì fẹnu kan omi tí mo gbé fún un tó fi sọ pé, "Ìyàwó mi, ta ni yóò máa pọn omi fún ọ níbí? Di ẹrù rẹ."

N kì í bá a jiyàn. Mo di ẹrù mi.

Opó ni, àgbẹ̀ sì ni. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó máa ń rìn bí ẹni tí iṣẹ́ ń dúró dè níwájú. Mùsùlùmí ni, èmi sì jẹ́ ọmọ ìjọ Kátólíìkì. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ mú mi wálé, àwọn kan nínú ẹbí ń kùn pé ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni mí. Wọ́n sọ fún mi pé òun ló dá wọn lóhùn pé kí wọ́n jẹ́ kí òun rí ojú ọmọ náà ná kí wọ́n tó máa sọ̀rọ̀ ẹ̀sìn rẹ̀. Ó rí ojú mi, kò sì sí ẹni tó tún gbọ́ nǹkan kan lẹ́nu rẹ̀ nípa ọ̀rọ̀ náà mọ́.

Ohun tí wọ́n yọ lọ́rùn mi kò ju nǹkan kékeré kan tó fi ara ti gògóńgò lọ, àwọn dókítà ń pè é ní tiroyíìdì. Nígbà tó bá wà nípò rẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í rántí pé ó wà. Bí kò bá sí mọ́, gbogbo ara ni yóò máa bèèrè rẹ̀: òtútù á máa mú ènìyàn, ẹsẹ̀ á wúwo, ọkàn á máa lọ́ra. Nítorí náà ni wọ́n fi fún mi ní hóró oògùn kékeré kan tí yóò máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní kí n máa lò ó láràárọ̀ títí ọjọ́ ayé mi, kí n sì máa lò ó kí n tó jẹun.

Àárọ̀ àkọ́kọ́ ní Idigny, mo gbé oògùn náà mì tán, mo rí i tí Ìyá ń bọ̀ pẹ̀lú abọ́ ògì gbígbóná. Wàrà ló fi pò ó. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wà, obìnrin Fúlàní, tí àgọ́ wọn kò jìnnà sí oko rẹ̀. Lẹ́yìn ìkórè, màlúù wọn a máa jẹ pòròpórò àgbàdo lóko Ìyá, ìgbẹ́ wọn a sì mú kí ilẹ̀ náà lọ́ràá. Láti inú àdéhùn yìí ni ọ̀rẹ́ wọn ti bẹ̀rẹ̀, ó sì ti pẹ́ tí igbá wàrà kì í ti í wọ́n nílé Ìyá. Bí ènìyàn bá ṣàìsàn, wàrà náà ni. Bí obìnrin bá bímọ, wàrà náà ni. Ohun tó dára jù nílé rẹ̀ ló gbé wá fún mi yẹn.

Mo kúnlẹ̀. "Ìyá, ẹ má bínú. Wàrà kì í bá mi lára mu, láti kékeré ni. Bí mo bá mu ún, inú mi á wú, á máa kùn, n óò sì máa sáré lọ sẹ́yìnkùlé."

Ó wò mí. "Bóyá èyí tó tutù ni. Èyí gbóná."

"Gbígbóná náà ni, Ìyá."

"Díẹ̀ ńkọ́? Ṣíbí kan?"

"Ṣíbí kan náà ni, Ìyá."

Mo ti sọ ọ̀rọ̀ yìí níwájú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Àwọn kan á ní ìgbéraga ni, àwọn mìíràn á ní ìwé tí mo kà ló kó bá mi. Ìyá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó gbé abọ́ náà sẹ́nu, ó mu ún tán pátápátá. Ó fi ọwọ́ nu ẹnu. "Ọlọ́run ò dá inú gbogbo wa bákan náà," ló wí. "Ó dáa. A ó wá òmíràn." Kò fi wàrà lọ̀ mí mọ́ láti ọjọ́ náà.

Òmíràn tó wá ni ẹ̀wà sójà. Ó ti gbọ́ pé àwọn obìnrin kan ní Okpomèta ń fi sójà ṣe wàgásì tí wọ́n ń dín jẹ, bí àwọn Fúlàní ṣe ń fi wàrà màlúù ṣe tiwọn. Ó gun ọ̀kadà lọ bá wọn, ó sì bá wọn ṣiṣẹ́ títí ó fi mọ̀ ọ́n. Nígbà tó dé, ó rẹ sójà sínú omi, ó lọ̀ ọ́, ó sẹ́ ẹ, ó gbé omi rẹ̀ kaná, ó da omi ògì kíkan sí i kó lè dì. Èyí tó kọ́kọ́ ṣe kò dì, ṣe ló fọ́ sínú aṣọ bí èérún gàrí. Ó dà á fún adìyẹ, ó tún bẹ̀rẹ̀. Èkejì dì. Ó gbé òkúta lé e títí omi rẹ̀ fi ro tán, ó gé e wẹ́wẹ́, ó sì dín in títí ó fi pọ́n. Ó dùn. Ẹni tó ti lé ní àádọ́rin ọdún ló jókòó ti ìkòkò kọ́ iṣẹ́ tuntun, nítorí inú ìyàwó ọmọ rẹ̀.

Láti ìgbà náà, bí mo bá ti gbé oògùn mì, wàgásì sójà ti dé nìyẹn. Ìyá gbà pé kò yẹ kí oògùn dá nìkan wà nínú ikùn òfìfo. Èmi náà ò sì mọ̀ pé ó yẹ kí n dúró. Wọ́n ní kí n lò ó kí n tó jẹun. Kí n tó jẹun náà ni mo sì ń lò ó.

Kò pẹ́ tí ara mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Òtútù ń mú mi nígbà tí àwọn yòókù ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀. Ojú mi wú. Bí mo bá ya irun, á máa bọ́ sára ìyarun. Mo lè jókòó sábẹ́ igi máńgòrò láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi kọjá àtàrí, n kò sì ní rántí ohun tí mo ń rò. Yàtọ̀ sí èyí, inú mi ṣì ń kùn bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò fẹnu kan wàrà. Ìyá ń wò mí. Lọ́jọ́ kan ó ní, "Múra. À ń lọ sọ́dọ̀ dókítà."

Dókítà tó ń tọ́jú mi ní Kétu jẹ́ obìnrin tó kéré sí mi lọ́jọ́ orí, ẹni tó máa ń bèèrè ọ̀rọ̀ kó tó kọ nǹkan sílẹ̀. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, èsì rẹ̀ sì fi hàn pé ó dà bí ẹni pé ìdajì oògùn náà ni mò ń lò. Ó bi mí bóyá mo máa ń gbàgbé rẹ̀. Ìyá dáhùn kí n tó la ẹnu: "Kì í gbàgbé. Ìṣojú mi ló ti ń lò ó."

"Lẹ́yìn tó bá lò ó, ìgbà wo ló ń jẹun?"

"Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mo ti máa ń gbé oúnjẹ rẹ̀ dúró dè é."

"Kí ni ẹ máa ń fún un, Ìyá?"

Ìyá sọ bó ṣe ń ṣe wàgásì sójà rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo sì gbọ́ inú dídùn nínú ohùn rẹ̀. Dókítà jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Ó wá fi pẹ̀lẹ́tù ṣàlàyé pé oúnjẹ rere ni sójà, ṣùgbọ́n bó bá pàdé oògùn yìí nínú ikùn, kì í jẹ́ kó wọ inú ẹ̀jẹ̀ bó ṣe yẹ. Wàrà náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Omi nìkan ni kí n fi lo oògùn, kí n dúró tó wákàtí kan kí n tó jẹ ohunkóhun, kí sójà sì di ọ̀sán tàbí alẹ́.

Nígbà tí a délé, Ìyá wọlé lọ. Mo bá a lórí ẹní, ìborí rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Èmi ni mò ń fi ọwọ́ ara mi dínà fún oògùn rẹ," ló wí.

"Ìyá, ta ló mọ̀? Èmi tí mo kàwé, mo mọ̀ bí?"

"Mo tún ń rò pé mò ń tọ́jú rẹ."

"Ẹ̀ ń tọ́jú mi, Ìyá. Bí kì í bá ṣe yín, ta ni ì bá mú mi lọ sọ́dọ̀ dókítà lónìí?"

Ó banú jẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ti mọ ohun tí yóò ṣe. Èyí ni mo fẹ́ràn jù nínú ìwà rẹ̀: ìbànújẹ́ kì í bá a sùn mọ́jú. Nígbà tó bá jí kírun òwúrọ̀, kí àkùkọ tó kọ tán, á kan ilẹ̀kùn mi, á fún mi lómi, á wo ọ̀fun mi bí mo ṣe ń gbé hóró náà mì. Lẹ́yìn náà á ní kí n padà sùn, òun á sì gba oko lọ. Ìgbà tó bá dé pẹ̀lú ìrì lẹ́sẹ̀ ni à ń jẹun, ògì lásán àti àkàrà, tàbí iṣu sísè. Sójà di ti alẹ́. Ó pe àwọn ọmọ ilé jọ, ó sọ fún wọn pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé oúnjẹ fún mi kí òun tó ti oko dé. Ó sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ Fúlàní náà. Obìnrin náà ò bínú rárá. Bó bá gbé igbá rẹ̀ dé, á kọ́kọ́ bi mí pé, "Inú ńkọ́?" kó tó kí ẹnikẹ́ni nínú ilé.

Òtútù bẹ̀rẹ̀ sí í fi mí sílẹ̀. Ojú mi padà sípò. Ṣùgbọ́n inú mi kò dẹ̀ pátápátá. Nígbà tí a tún padà sọ́dọ̀ dókítà, mo sọ fún un. Ó mú páálí oògùn mi, ó ka ìwé pélébé tó wà nínú rẹ̀, ó sì ní ṣúgà kan wà nínú wàrà tí inú àwọn bíi tèmi kì í lè dà, díẹ̀ nínú rẹ̀ sì wà nínú hóró oògùn náà. Òun ni wọ́n fi pò ó kó lè di hóró. Ó ní ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n inú tèmi lè mọ̀.

Ìyá ń wo hóró tó wà lọ́wọ́ dókítà. "Wàrà nínú eléyìí?"

"Díẹ̀ ni, Ìyá."

Ìyá rẹ́rìn-ín títí ó fi nu ojú rẹ̀. "Mo lé e jáde nílé ìdáná, ó gba inú páálí wọlé."

Irú mìíràn wà tí kò ní ṣúgà náà nínú. Famasí tó wà ní Kétu bá wa ránṣẹ́ sí Kútọnu fún un. Dókítà kìlọ̀ pé n kò gbọdọ̀ fi èyí tó wà lọ́wọ́ sílẹ̀ títí tuntun yóò fi dé, pé inú kíkùn kò burú tó kí ara wà láìní oògùn, àti pé bí mo bá ti pààrọ̀ rẹ̀, kí n padà wá yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nítorí kì í ṣe gbogbo irú oògùn náà ni ara ń gbà bákan náà.

Àárín ìgbà yẹn ni ìyàwó àbúrò ọkọ mi bímọ ní Odomèta, a sì lọ síbi ìsọmọlórúkọ. Àárọ̀ ni wọ́n ṣe é. Àbúrò bàbá ọkọ mi kan, obìnrin tí ohùn rẹ̀ máa ń ga, gbé dègè wá fún mi, jéró tí wọ́n pò mọ́ wàrà tó ti kan. Mo dúpẹ́, mo ní inú mi kì í gbà á. Ó dúró lórí mi.

"Ṣé oúnjẹ wa kò tó ọ jẹ ni, àbí o ń bẹ̀rù wa?"

Ìyá dìde níbi tó jókòó sí, ó wá, ó fi ọwọ́ méjèèjì gba abọ́ náà.

"Ọkọ mi, ẹ ṣeun," ló wí, bí ẹni pé òun ni wọ́n gbé e wá fún. "Èmi ni ẹnu rẹ̀ lónìí. Dókítà ti fà á lé mi lọ́wọ́. Ẹni tó bá fẹ́ kó jẹ nǹkan, kó gbé e fún mi wò ná."

Ó jókòó, ó sì jẹ dègè náà tán, ó ń yìn ín bó ṣe ń jẹ ẹ́. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. Kó tó di ọ̀sán, òun fúnra rẹ̀ ló bu iyán àti ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ fún mi, ó sì kọ́kọ́ bi Ìyá bóyá kò séwu. N kò tíì rí ẹni tó gbèjà ènìyàn láìdójú ti ẹlòmíràn bẹ́ẹ̀ rí.

Oògùn tuntun dé. Inú mi dẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, dókítà ní ó ti wà níbi tó yẹ. Mo padà sí Kétu nígbà tí iléèwé wọlé, mo sì tún dúró níwájú àwọn ọmọ kíláàsì mi pẹ̀lú ohùn tó ròkè. Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ kúrò ní Idigny, mo kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìyá. Ó ní, "Dìde. Ọmọ mi lo jẹ́. Ìwọ náà ni yóò máa kan ilẹ̀kùn ara rẹ báyìí."

Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún yìí, mo tẹ̀ ẹ́ láago láti kí i. Ariwo ọ̀nà ni mo ń gbọ́ lẹ́yìn ohùn rẹ̀. Ó ní ọmọbìnrin aládùúgbò òun kan tó lọ́kọ sí Pobè ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ gẹ̀gẹ̀ rẹ̀, òun sì ń lọ bá a gbé fún ìgbà díẹ̀.

"Ìyá, oko yín ńkọ́?"

"Àgbàdo mọ bí wọ́n ṣe ń dàgbà," ló wí. "Ọmọ náà ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń lo oògùn rẹ̀."