Ọwọ́ Tí Ìyá Mi Fi Ń Wọn Ibà

Ní agboolé wa ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú, kò sẹ́ni tó ní tẹmómítà, a ò sì wá a. Ìyá mi wà níbẹ̀. Bí ara ọmọ kan ò bá yá, wọn á gbé e tọ̀ ọ́ wá, ìyá mi á fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀, á wá dájọ́. "Ibà ni." Tàbí: "Ebi ló ń pa á, ẹ fún un lóúnjẹ." Ẹjọ́ tó bá dá lórí ọ̀rọ̀ yìí, kò sí kóòtù tó lè yí i padà. Nígbà tí mo wà ní pámárì, mo jókòó sínú oòrùn títí ara mi fi gbóná, kí n má baà lọ sílé ìwé. Ó fọwọ́ kàn mí lẹ́ẹ̀kan péré, ó ní kí n lọ gbé báàgì mi. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi bínú sí ọwọ́ yẹn.

Ìyá mi ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún báyìí, èmi náà sì ti di ìyá àgbà. Aṣọ ilé ìwé ni mò ń rán ní Bẹẹrẹ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan lọ́dún tó kọjá, nígbà tí ooru mú débi pé ewúrẹ́ pàápàá ń wá ibòji, mo dé ilé, mo bá ìyá mi lábẹ́ kúbùsù méjì. Ó ń gbọ̀n rìrì.

"Màmá, ṣé kì í ṣe ibà ló ń ṣe yín báyìí?"

Ó fọwọ́ kan ọrùn ara rẹ̀. "Ara mi ò gbóná. Òtútù ló mú mi. Bá mi wá kúbùsù mìíì."

Mo lọ mú un wá. Èmi tí mo máa ń bá oníbàárà jiyàn lórí ìnṣì kan, mo gbọ́ràn bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin dé, ìyá mi tún fọwọ́ kan ọrùn ara rẹ̀ lójú rẹ̀, ẹjọ́ kan náà ló dá. Ẹ̀gbọ́n mi ní "Alihamudulilahi," ó bá tirẹ̀ lọ. Kò sí ẹnì kankan nínú wa tó ronú pé òun lè fọwọ́ ara òun wò ó. Nílé wa, ọwọ́ ìyá mi ló máa ń lọ sára èèyàn, ọwọ́ èèyàn kì í lọ sára tirẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, kò dìde kírun Àsùbáà. Mo lọ jí i, ó sì fi orúkọ àǹtí rẹ̀ tó ti kú tipẹ́ pè mí. Ẹ̀rù bà mí gidigidi. Mo rò ó pé màá di aláìníyàá lónìí. N ò tọrọ àyè mọ́, mo gbé ọwọ́ lé e lọ́rùn, mo sì yára fà á padà. Ìgbóná yẹn kì í ṣe kékeré. Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi: ọwọ́ tó gbóná ló fi ń kan ọrùn tó gbóná láti àná, kí ni ìbá rí níbẹ̀? Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Takisí Máíkírà kan gbé wa dé ọsibítù. Nọ́ọ̀sì tó gbà wá ká ìró ìyá mi sókè, ó rí egbò kan lójúgun rẹ̀, ẹsẹ̀ náà ti wú. Àṣé ó ti fi ẹsẹ̀ gbá àpótí ìjókòó. Ó fi pa mọ́ fún wa kí a má baà ní kó má lọ sí ọjà Òjé mọ́.

Mo ṣì ń jiyàn. "Nọ́ọ̀sì, ṣebí òtútù ló ń mú wọn láti àná?"

"Àǹtí, òtútù yẹn gan-an ni ibà. Kòkòrò ti gba ojú egbò wọlé. Àwọn sójà inú ẹ̀jẹ̀ Màmá rí i, wọ́n bá ránṣẹ́ sí ọpọlọ. Inú ẹ̀jẹ̀ náà ni iṣẹ́ yẹn gbà lọ. Nígbà tó dé ọ̀hún, ọpọlọ gbé ìwọ̀n tó fẹ́ kí ara gbóná dé sókè. Ara ò tíì débẹ̀, ó wá ń ṣe wọ́n bí òtútù. Gbígbọ̀n tí wọ́n ń gbọ̀n, ìgbóná ni wọ́n fi ń wá."

Ọ̀rọ̀ yìí yé mi dáadáa, nítorí áyọ́ọ̀nù mi ní ṣọ́ọ̀bù. Bó ṣe gbóná tó fún aṣọ sílíìkì, bí mo bá yí i sí ti aṣọ òwú lójijì, ojú ẹsẹ̀ ló máa tún bẹ̀rẹ̀ sí í fa iná, nítorí ìgbóná tó wà lára rẹ̀ ò tó mọ́. Ara ìyá mi ń jà fún un, ó sì ń ké sí wa. Èmi wá ń da kúbùsù bo igbe náà. Ojú ara mi tì mí.

Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, wọ́n gbé dírípù sí i lára. Dókítà ní ká máa gbàdúrà, ọ̀rọ̀ tí mi ò fẹ́ gbọ́ lẹ́nu dókítà rárá. Ọjọ́ méjì ni mo fi jókòó tì í, tí mò ń wo àyà rẹ̀ bóyá ó ń lọ sókè sódò.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta, ó fẹsẹ̀ ti aṣọ ìbora kúrò. Òógùn ti bò ó. "Kí ni wọ́n ń fi aṣọ bò mí sí nínú ooru yìí?" Nọ́ọ̀sì ní ohun tí àwọn ń retí nìyẹn, ọpọlọ ti dá ìwọ̀n náà padà sílẹ̀. Mo sunkún, mo sì ń rẹ́rìn-ín.

Ìyá mi gbé ọwọ́ lọ sí ọrùn ara rẹ̀, ó sì dá a dúró lójú ọ̀nà. Ó wò mí. Ó sún gèlè sẹ́yìn, ó na ọrùn sí mi.

"Wò ó. Kí lo rí?"

Mo na àtẹ́lẹwọ́ mi.

"Ẹ̀yìn ọwọ́," ló wí. "Ẹ̀yìn ọwọ́ la fi ń mọ̀ ọ́n."

Mo yí ọwọ́ padà.