Ìpatà Tí Mo Fi Kun Ọmọ Ogun

Mo rántí ìgbà tí mo jẹ́ ọ̀gágun ní Moniya, tí odidi ẹgbẹ́ ọmọ ogun wà lábẹ́ àṣẹ mi, tí gómìnà fúnra rẹ̀ ránṣẹ́ bẹ̀ mí pé kí n jọ̀ọ́, kí n dúró sí Ṣáṣá, kí n má tíì wọ Ìbàdàn, nítorí pé àwọn ará ìgboro kò tíì múra sílẹ̀ láti túúbá. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọ ogun mi kì í jẹun, wọn kì í béèrè owó oṣù, wọn kì í sì í bá mi jiyàn. Èyí tó ga jù nínú wọn kò ga ju oríkèé ìka méjì lọ, ike sì ni wọ́n fi ṣe é, ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí wọn lọ́jọ́ tí mo kùn wọ́n tán yóò kọ́kọ́ yà fún wọn lọ́nà ná.

Kí n tó di ọ̀gágun, ọkọ̀ ni mo ń kùn. Ṣọ́ọ̀bù mi wà lẹ́bàá títì tó lọ sí Ọ̀yọ́, gbogbo bọ́ọ̀sì tó bá ti fara gbá nǹkan lójú ọ̀nà yẹn, ọ̀dọ̀ mi ló ń bọ̀. Iṣẹ́ wa kò ní awo nínú. Bí ara ọkọ̀ bá ti dógùn-ún, a ó fi sáńpépà ha á títí irin yóò fi yọjú, a ó dí ihò, a ó wá kun ọ̀dà lé e títí yóò fi máa dán. Ìpatà ni ọ̀tá mi. Bí mo bá rí i lára géètì ẹlòmíràn, ọwọ́ á máa yún mi bíi pé kí n wọlé lọ bá wọn ha á. Bọ́ọ̀sì kan wà tí mo kùn tó dán tó bẹ́ẹ̀ tí àkùkọ àdúgbò rí òjìji ara rẹ̀ níbẹ̀, tó bá a jà láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, tí ìtìjú sì mú un tó bẹ́ẹ̀ tó fi fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sídìí ìkòkò ọbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ìyàwó mi kú. Iṣẹ́ náà sì ń dínkù. Àwọn ọ̀dọ́ ti ń kun ọkọ̀ nínú ilé tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa, tí eruku kò lè dé, ta ni yóò tún gbé ọkọ̀ wá sábẹ́ igi máńgòrò mi? Mo wá di ẹni tí ara rẹ̀ kò balẹ̀. Màá jókòó, màá dìde, màá dé ojú títì, màá padà. Nígbà mìíràn màá wọ ọkọ̀ lọ sí Ṣáṣá, màá yẹ ata wò, màá tẹ tòmátì wò, màá ná alùbọ́sà títí ẹni tó ń tà á yóò fi máa bú mi ní èdè Hausa, n kò sì ní ra ẹyọ kan. Màá tún wọ ọkọ̀ padà sílé. Fọkanáísà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi, ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi bí ẹ̀rọ tó fi ń fẹ́ táyà, a máa wò mí láti ìsàlẹ̀ dókè.

“Bàbá, ṣé ẹ ń bọ̀ ni àbí ẹ ń lọ?”

“N ò tíì mọ̀.”

“Tí ẹ bá mọ̀, ẹ sọ fún mi, kí n lè mọ èyí tí màá kí yín.”

Ọmọ mi obìnrin tó ń gbé ní Abuja gbọ́ gbogbo èyí, n kò mọ ẹni tó sọ fún un. Ó pè mí lórí fóònù. Ó ní, “Bàbá, ẹ ò lè máa dá gbé mọ́. Tí ẹ bá ṣubú, ta ló máa gbọ́?” Mo ní èmi fúnra mi ni màá kọ́kọ́ gbọ́. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní tí Iléyá bá ti kọjá, òun ń bọ̀ wá mú mi lọ, yàrá mi ti wà nílẹ̀, wọ́n ti ra bẹ́ẹ̀dì sí i. Ẹ̀rù bà mí. Abuja kì í ṣe ìlú tí mo mọ ẹnì kan tí mo lè bá jà. Mo wá dọ́gbọ́n.

“Bí o bá dé, tí o bá iṣẹ́ lọ́wọ́ mi ńkọ́?”

“Iṣẹ́ wo, Bàbá?”

“Iṣẹ́ gidi. Iṣẹ́ ọ̀dà.”

Ó mí kanlẹ̀. “Ó dáa. Tí mo bá bá iṣẹ́ gidi lọ́wọ́ yín, màá fi yín sílẹ̀ síbẹ̀.”

Bí mo ṣe gbé fóònù sílẹ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá iṣẹ́ bí ẹni wá ewúrẹ́ tó sọnù. Mo dá awakọ̀ dúró lójú títì pé ilẹ̀kùn ọkọ̀ rẹ̀ nílò ọ̀dà. Ó ní kí n yà fún òun. Mo ní kí fọkanáísà jẹ́ kí n kun ẹ̀rọ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ó ní ẹ̀rọ òun kò fẹ́ lọ sí òde ìyàwó.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni àyálégbé mi, tó ń gbé yàrá ẹ̀yìnkùlé, gbé páálí kan wọlé. Olùkọ́ ìṣirò ni, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi, ẹni tí ṣòkòtò rẹ̀ kì í ní ìhunjọ kan. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà ní London ló fi páálí náà ránṣẹ́. Nígbà tó ṣí i, àwọn ọmọ ogun oníke ló kún inú rẹ̀, gbogbo wọn rí bí eérú, pẹ̀lú ọkọ̀ ogun kan tí ìbọn gùn lẹ́nu rẹ̀. Mo rò pé ó ti ní ọmọ tí kò sọ fún wa.

“Tèmi ni, Bàbá. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi la máa ń ta á ní Bódìjà. Orí tábìlì la ti ń jà á. A ó to wọn kojú ara wọn, a ó fi téèpù wọn ibi tí kálukú lè rìn dé, a ó wá ta dáìsì láti mọ ẹni tó kú.”

“Ẹ̀yin àgbàlagbà?”

“Ọ̀kan nínú wa, dókítà ni, sà.”

“Ṣé ìyàwó rẹ̀ mọ̀?”

Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó wá sọ ohun tó ń dùn ún. Ìdíje wọn ti sún mọ́lé, òfin wọn sì ni pé ọmọ ogun tí a kò bá kùn kò gbọdọ̀ gun orí tábìlì. Òun ti gbìyànjú ẹyọ kan. Ó fi hàn mí. Ojú ọmọ ogun náà dà bí ojú ẹni tí oyin ta. N kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán. Mo ti gbá páálí náà mọ́yà.

Ìbọn ọ̀dà mi kò wúlò fún èèyàn tí orí rẹ̀ kò tó èso àgbálùmọ̀. Mo bá rún pákò lẹ́nu títí ó fi rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun ojú, ìyẹn ni mo fi kun aṣọ wọn. Ẹyọ ìgbálẹ̀ ni mo fi kun ojú. Mo fi ìgbọ̀nwọ́ há ìhà, mo dá èémí dúró, màá kun ojú kan, màá mí, màá kun èkejì. Mo dìde, mo yí ṣọ́ọ̀bù po, mo tún jókòó. Nígbà tí mo parí, mo fi fáànìṣì bo gbogbo wọn. Bí a ṣe ń parí ọkọ̀ nìyẹn. Bàtà wọn ń dán. Ìbọn wọn ń dán. Ọkọ̀ ogun náà ni mo ṣe dáadáa jù. Àwọ̀ pupa wáìnì ni mo fi kùn ún, mo fi ọ̀dà funfun yí ẹsẹ̀ rẹ̀ ká bí táyà ọkọ̀ ìyàwó, mo sì fi iná tó ń júwe ọ̀nà sí i níwájú àti lẹ́yìn, kó má baà gbá ẹnikẹ́ni níbi tó bá ti ń yà.

Àyálégbé mi dé láti ilé ìwé. Ó dúró. Ó gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀ jẹ́jẹ́.

“Bàbá, ẹ ṣeun o. Ẹ ṣeun gan-an.”

“Kí ló dé tó o fi ń wò bẹ́ẹ̀?”

“Ẹ má bínú, sà. Ojú ogun ni wọ́n ti ń bọ̀. Àwọn tí mo rí yìí, wọ́n ń lọ kí ọba ni.”

Fọkanáísà tó ti yọjú láti ẹnu ọ̀nà fi ọwọ́ bo ẹnu. Àyálégbé mi wá ṣí fóònù rẹ̀, ó fi àwòrán ti àwọn ẹlòmíràn hàn mí. Ẹrẹ̀ dé orúnkún wọn. Èéfín ìbọn ti sọ ọwọ́ wọn di dúdú. Ọkọ̀ ogun wọn ti bó, ó ti dógùn-ún ní gbogbo oríkèé. Ó ní iṣẹ́ ọwọ́ ni gbogbo rẹ̀, àwọn èèyàn jókòó, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ kun ìpatà sí nǹkan tuntun.

N kò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Èmi! Kí n kun ìpatà! Mo gbìyànjú láti fi ọ̀dà pupa àti dúdú pò ó, ó rí bí ọbẹ̀ tó jóná. Mo pa á rẹ́. Iléyá kù sí dẹ̀dẹ̀, ọmọ mi yóò dé, yóò sì bá mi níbi tí mo ti ń pa nǹkan rẹ́. Mo jáde, mo lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, níbi tí òkú bọ́ọ̀sì kan wà tí ẹni tó ni ín kò padà wá gbé mọ́. Mo dúró tì í. Mo rí i pé ìpatà kò tàn káàkiri bí mo ṣe kùn ún. Ibi tí omi ti ń dúró ló ti bẹ̀rẹ̀: abẹ́ nọ́ọ̀tì, ìgbátí ilẹ̀kùn, ibi tí irin méjì ti pàdé. Láti ibẹ̀ ló ti ń ṣàn wálẹ̀ bí omijé. Mo mú ọ̀bẹ, mo ha ìpatà náà sínú agolo. Mo bu ilẹ̀ pupa lẹ́nu ọ̀nà, mo fi aṣọ jọ̀ ọ́ títí ó fi kúnná bí àtíkè. Mo ha dúdú ìdí ìkòkò fún èéfín ìbọn. Mo fi gọ́ọ̀mù pò wọ́n, mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ba iṣẹ́ mi jẹ́.

“Bàbá, ẹ kùn ún tán, ẹ tún wá ń fi ẹrẹ̀ pa á?” Fọkanáísà ni.

“Ojú ogun ni wọ́n ti ń bọ̀.”

“Ogun wo?”

“Ti Bódìjà.”

“Ọlọ́hun má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n lé wọn débí.”

Ara mi kò fi bẹ́ẹ̀ balẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi kò gbé mi lọ sí Ṣáṣá mọ́. Mo fi sáńpépà pa dídán bàtà wọn rẹ́. Mo fi ẹrẹ̀ sí etí ṣòkòtò, sí orúnkún ẹni tó kúnlẹ̀, sí àyà ẹni tó dùbúlẹ̀. Ọkọ̀ ogun tí mo ti ṣe bí ọkọ̀ ìyàwó di ohun tí ẹ ó rò pé ó ti gba gbogbo kòtò Ìyànà Ọ̀fà kọjá nígbà òjò.

Wọ́n ń gbẹ lójú fèrèsé nígbà tí ọmọ mi dé, ó mú dẹ́rẹ́bà wá. Ó ti di ẹrù mi sínú ọkọ̀ kó tó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Mo nawọ́ sí fèrèsé. Mo ní, “Iṣẹ́ rèé.” Ó mú ọ̀kan, ó yí i padà, ó fi èékánná kan orúnkún rẹ̀.

“Bàbá, ẹrẹ̀ gidi lèyí?”

“Ẹrẹ̀ Moniya ni.”

Ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì. Ó wá pe dẹ́rẹ́bà pé kó já ẹrù náà sílẹ̀. Ó ní, “Bàbá, ẹ jókòó ti iṣẹ́ yín.” Mo sì jókòó.

Ibi tí mo ti purọ́ fún yín gan-an nìyẹn. Ti gómìnà, ti àkùkọ, ẹ̀yin náà ti mọ̀ wọ́n ní irọ́, n kò ka ìyẹn sí. Òótọ́ ni àwọn ọmọ ogun, òótọ́ ni ìpatà, òótọ́ ni pé ó mú ọ̀kan lọ́wọ́ tó sì yí i padà. Ṣùgbọ́n ohun tó sọ ni pé, “Iṣẹ́ yìí dára, Bàbá. Tí èyí bá tán, èwo ló kù?” Mo wo àyálégbé mi tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Àyálégbé mi wo ilẹ̀. Ó ní, “Ẹ lọ wẹ̀, sà, ọ̀nà jìn,” mo sì lọ wẹ̀.

Abuja ni mo ti ń kọ èyí. Táìlì ni ilẹ̀ ibí, géètì wọn kò ní ìpatà, mo ti yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Màá jókòó, màá dìde, màá dé ẹnu géètì, màá padà. Àyálégbé mi pè lẹ́yìn ìdíje náà, ó ní gbogbo ọmọ ogun mi ló kú kó tó di àkókò oúnjẹ ọ̀sán. Ọmọ mi ń tọ́jú mi, n kò lè purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n “ẹ jókòó ti iṣẹ́ yín,” èmi ni mo fi gbólóhùn yẹn sí i lẹ́nu. Mo ti sọ ọ́ léraléra tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń gbọ́ ọ ní ohùn rẹ̀ báyìí.