Ẹ̀fọ́ Ọ̀fẹ́ Tí A Ò Gbà

Abẹ́rẹ́ ni gbogbo wa ń pe aránṣọ tó wà nísàlẹ̀ ilé wa: ó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹnu rẹ̀ sì mú. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń rù, ó ń sùn ní kíláàsì. Nọ́ọ̀sì ní oúnjẹ gidi ló nílò, kì í ṣe oògùn. Bẹ́ẹ̀, bísíkíìtì àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò nìkan ni ṣọ́ọ̀bù àdúgbò wa ń tà. Ọjà jìnnà, kí èèyàn tó wọkọ̀ lọ, kó wọkọ̀ bọ̀, owó ọbẹ̀ ti di owó ọkọ̀.

Ọkọ̀ akẹ́rù kan máa ń kó ẹ̀fọ́ gba iwájú ilé wa kọjá láràárọ̀. Lọ́jọ́ kan, Abẹ́rẹ́ bọ́ sójú títì, ó dá a dúró.

"Màmá, mi ò lè máa dúró tìtorí ìdì kan," awakọ̀ ní. "Ẹ gba apẹ̀rẹ̀ mẹ́rin. Mò ń padà bọ̀ wá kó apẹ̀rẹ̀ mi nírọ̀lẹ́. Tí mo bá bá ẹ̀fọ́ nínú ẹ̀, mi ò dúró mọ́ nìyẹn."

"Yóò tán."

Owó tó ti tù jọ fún ẹ̀rọ ìránṣọ tuntun ló fi san án. Àánú wá kó bá a: ó pàtẹ ẹ̀fọ́, ó ní ọ̀fẹ́ ni. Ẹnikẹ́ni ò jáde. Wọ́n ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ní àdúgbò tiwa, ìtìjú ráyè bá a jókòó. Ojú fèrèsé la ti ń wò ó.

"Ẹ̀fọ́ tó dáa kì í jẹ́ ọ̀fẹ́," ìyàwó káfíńtà sọ láti òkè.

Nígbà tó di ọ̀sán, ewé ń rọ. Abẹ́rẹ́ wọ́n omi sí i, ó gbóhùn sókè.

"Ẹ̀fọ́ ti di títà o. Kò sì pọ̀. Ẹni tó bá pẹ́, kó má bá mi jà."

Ilẹ̀kùn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Ìyàwó káfíńtà ló kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀. Ó ná an títí, ó tún bèèrè èènì. Kò pẹ́, a ti ń tira wa.

Nírọ̀lẹ́, awakọ̀ bá apẹ̀rẹ̀ lófìfo. Ìgbà náà ni Abẹ́rẹ́ rántí pé òun ò mú tọmọ òun sílẹ̀. Ó jókòó gbì.

Ìyàwó káfíńtà gbé abọ́ ẹ̀fọ́ tó ti sè wá, ó fi lé ọmọ náà lọ́wọ́.

"Èló ni?" Abẹ́rẹ́ bi í.

"Màmá, ẹ jẹ́ kọ́mọ jẹun."

Ọmọ náà ti ń jẹ ẹ́. Abẹ́rẹ́ nu ojú, ó yíjú sí awakọ̀.

"Gbé mẹ́fà wá lọ́la."